Ẹ̀bẹ̀ Tí N Kò Rán Ẹnikẹ́ni

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tó di pé ẹlòmíràn bá mi sọ ọ́: ọ̀gá wa ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ wáyà fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára, kì í ṣe èmi. Bí mo ṣe kọ ọ́ sínú èsì kúẹ́rì nìyẹn, bí mo ṣe sọ ọ́ fún àwọn tó wá wádìí nìyẹn, bí mo sì ṣe ń sọ ọ́ fún ara mi nìyẹn nígbà tí mo bá ń gbá yàrá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán. Ara mi kì í gba ìjókòó láti ilẹ̀ wá, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí n lọ rọ́kún nílé, ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Mà á jókòó, mà á dìde, mà á tún jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi á gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á ní, "Ṣé èèrà ló wà lórí àga ni?"

Nọ́ọ̀sì ni mí, ní ilé ìwòsàn ìjọba kékeré kan. Èmi ni mo ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́. Abẹ́rẹ́ yìí kò fẹ́ ooru rárá. Tí ooru bá ti bà á jẹ́, kò yàtọ̀ sí omi lásán mọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá fíríìjì, ìdí nìyẹn tí mo fi mú púlásítà tí a fi ń bo ojú egbò, tí mo fi lẹ wáyà náà mọ́ ògiri, tí mo sì fi bírò pupa kọ ọ́ sára rẹ̀ pé MÁ YỌ Ọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ata-wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, nítorí pé mo kéré, ẹnu mi sì ń ta. Wọ́n ní Ata-wẹ́wẹ́ ti ń wo ògiri sàn báyìí.

Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀, àlejò dé láti olú iléeṣẹ́ ìlera. Ooru mú gan-an. Yàrá fíríìjì ló fẹ̀ jù, ibẹ̀ ni ọ̀gá wa, dókítà tó jẹ́ olórí ilé ìwòsàn, kó àwọn àlejò sí, ó sì ní kí awakọ̀ wa gbé fáànù wá. Èmi kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ti ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí n lọ bá wọn gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn kejì, ibẹ̀ ni mo sì ti gba ilé lọ. Nígbà tí mo gba kọ́kọ́rọ́ padà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà. Púlásítà mi ti ya, wáyà fíríìjì wà nílẹ̀, inú fíríìjì sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí a fẹ́ fi wẹ ọmọ.

Awakọ̀ fà mí sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá ló fà á yọ. Wọ́n ní tí àlejò bá lọ, kí n rán wọn létí kí wọ́n dá a padà. Èmi náà gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì, ẹ má dárúkọ mi."

Mo lọ bá ọ̀gá. Ó wo àwọn ìgò náà, ó wo ojú mi, ó ní, "Kò tíì gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa lò ó." Àwọn ìyá ti tò sórí bẹ́ǹṣì níta nígbà náà, wọ́n pọn ọmọ, wọ́n gbé ọmọ lẹ́sẹ̀. Mo ní mi ò lè fi omi gún ọmọ ọlọ́mọ. Mo jáde, mo ní kí àwọn ìyá máa lọ ilé, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà tó olú iléeṣẹ́ létí. Èmi fúnra mi ni mo fi tó wọn létí o! Èsì tí mo rí gbà ni kúẹ́rì. Ọ̀gá ti kọ̀wé pé èmi ni mo ń tọ́jú fíríìjì, èmi ni mo ṣe àìbìkítà. Àwọn tó wá wádìí jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n mu omi tútù rẹ̀, wọn kò bi awakọ̀ ní ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni ìwé dé pé wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹni tí ìjọba bá lé báyìí, ilé ìwòsàn ìjọba kankan kò tún ní gbà á mọ́. Ìyẹn nìkan kọ́ ló ń dùn mí. Wọ́n ti ń sọ ọ́ ní àdúgbò pé nọ́ọ̀sì kan ló ba abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ jẹ́. Mo lọ ra ọṣẹ, ìyá kan tí mo ti gún ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ní abẹ́rẹ́ rí mi, ó sì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Mo gbàgbé ọṣẹ síbẹ̀.

Ọ̀nà kan ló kù. Òfin fún òṣìṣẹ́ láyè láti kọ ìwé kòtẹ́milọ́rùn sí ìgbìmọ̀ tó wà ní olú iléeṣẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló bá mi kọ ọ́. Òfin-Sọ-Pé ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí pé kò lè ra ẹ̀pà kó má sọ ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀. Nígbà tí a kọ ọ́ tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí tábìlì gbọ́.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Òfin sọ pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu yín, wọ́n á sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín gbé ẹsẹ̀ dé ilé ọ̀gá yẹn. Ẹjọ́ tó dáa tó báyìí, bí ẹbí ṣe máa ń bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ wà níhìn-ín tí ẹ̀ ń sọ pé ẹ ò ṣe é, àwọn àgbà yín wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń ní kó dárí jì yín. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ó tán."

Mo délé, mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi dàgbà nígbà tí ìyá wa kú. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ló fi rán mi nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Aṣọ ọmọ ilé ìwé, aṣọ ìyàwó, zíìpù tó bàjẹ́, kò sí èyí tí kò rán. Kò bí mi, ṣùgbọ́n n kò mọ ìyá mìíràn.

Ó ní, "Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó pa baba wa. Fíríìjì la ń sọ."

"Máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe. Ta ni ìwọ tí o ń bá dókítà ṣẹjọ́? Orúnkún tó bá kúnlẹ̀ kì í ṣẹ́."

"Tiyín ò ní ṣẹ́, orúkọ mi ló máa ṣẹ́. Ẹ má lọ o. Mo bẹ̀ yín."

Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọ̀rọ̀ parí. Mo gbà pé ó gbọ́. Mo jáde lọ rìn yí àdúgbò po, mo padà wálé, mo tún jáde.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, bẹ́ǹṣì onígi kan ni wọ́n ní kí a jókòó sí nínú kọ́rídọ̀ olú iléeṣẹ́. Òfin-Sọ-Pé jókòó. Awakọ̀ tí mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n pè wá jẹ́rìí jókòó sí ìkángun kejì, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, kò wojú mi. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó láàárín wọn nínú aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ ibi ìgbéyàwó, ó gbé báàgì lé itan. Èmi nìkan ni mo ń rìn. Mo rìn dé ojú fèrèsé, mo rìn padà. Wọ́n fi àpótí àtijọ́ àti àga tó kán dí ọ̀nà níbẹ̀, eruku bò wọ́n, mo sì ń rò pé bóyá àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé kúrò ló fi àga wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya wèrè, kó lọ dúró de ìgbìmọ̀.

Wọ́n pè mí wọlé. Èèyàn mẹ́ta ló wà nídìí tábìlì: alága, tó jẹ́ ọkùnrin sísanra kan tó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀, obìnrin kan tó wọ gíláàsì, tí kò rẹ́rìn-ín, àti ẹnì kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá wa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó wọ kóòtù. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi. Mo sọ ọ́ dáadáa, n kò pariwo, n kò bú ẹnikẹ́ni, àfi tí ẹ bá ka "irọ́ ni wọ́n pa" mọ́ èébú. Obìnrin onígíláàsì ń mi orí. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀gá wá dìde. Kò bínú, kò jiyàn. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ bí bàbá tí ọmọ rẹ̀ fọ́ àwo.

"Alága, mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nínú ọkàn mi. Àwọn èèyàn nọ́ọ̀sì yìí ti wá bẹ̀ mí nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúnlẹ̀ ní pálọ̀ mi, ó sunkún, ó ní ọmọdé ló ń ṣe é, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ní ó ti tán. Ẹni tí kò bá jẹ̀bi, kí ni ẹbí rẹ̀ ń tọrọ ìdáríjì sí?"

Ẹsẹ̀ mi tí kì í dúró, ó dúró. Òfin-Sọ-Pé, tí wọ́n gbà láàyè kó jókòó lẹ́yìn mi, mí kanlẹ̀ bí táyà tó ń jò.

Alága bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Ó wọlé tòun ti báàgì rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, ó sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo lọ. Ọ̀gá ṣe bí ọmọlúwàbí. Wọ́n fún mi ní àga." Ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí kí n dúpẹ́.

Ojú alága tàn. Mo rí i pé ara tu ú. Ẹjọ́ tó fẹ́ le, ó ti rọ̀ fún un.

"Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nọ́ọ̀sì, ọ̀gá yín ti dárí jì yín. Tí ẹ bá lè gbà níwájú wa pé àṣìṣe yín ni, a máa fagi lé ìlékúrò, a máa fún yín ní ìwé ìkìlọ̀, ẹ ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ yín. Gbogbo wa á relé."

"Mi ò mọ ẹjọ́ mi lẹ́bi, sà," ni mo wí.

"Gbà á!" Ẹ̀gbọ́n mi ti dì mí lápá mú. "Kí ló ń ṣe ẹ́? Wọ́n fẹ́ dá iṣẹ́ rẹ padà fún ẹ, o ní o ò gbà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ṣe é."

"Ta ló ń bi ẹ́ bóyá o ṣe é? Iṣẹ́ rẹ là ń wí!"

Ó yí padà sí mi, ó sì kúnlẹ̀. Èmi! Obìnrin tó wẹ̀ mí, tó di irun mi, tó nà mí, kúnlẹ̀ fún mi níwájú àwọn àlejò, báàgì rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ilẹ̀ á lanu. Mo kúnlẹ̀ kíákíá kí orí mi má bàa ga ju tirẹ̀ lọ, a wá wà bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì, a ń bẹ ara wa. Ó ní, "Nítorí mi." Kò sí ohun tó tọrọ rí lọ́wọ́ mi láyé tó ju ìyẹn lọ, àní kò tọrọ nǹkan kan rí.

Mo bi í ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbà pé èmi ni mo fi wáyà yẹn sílẹ̀?"

Ó gbé ojú kúrò lára mi, ó ń tún etí aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Kò sẹ́ni tí kì í gbàgbé. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

Ó dùn mí ju ìwé ìlékúrò lọ. Mo ti rò pé ẹ̀rù ọ̀gá ló ń bà á, mo ti rò pé ọgbọ́n àgbà ló ń dá. Àṣé ó ti dá mi lẹ́bi nínú ara rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ó sì tún fẹ́ràn mi bẹ́ẹ̀ náà, ó ń se oúnjẹ fún mi, ó ń bò mí láṣìírí. Mo dìde. Mo ní, "Alága, ẹ ṣeun. N kò gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe awakọ̀ wọlé."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, kò ti ilẹ̀kùn.

Awakọ̀ wọlé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún ní abẹ́rẹ́. Kò wo ọ̀gá, kò wò mí. Ó ní òun gbé fáànù wá, òun gbé e sílẹ̀, òun jáde. Mo ti ń sọ nínú mi pé ó tán, nígbà tí obìnrin onígíláàsì kọ́kọ́ la ẹnu.

"Fáànù yẹn, ṣé ó ṣiṣẹ́?"

"Ó ṣiṣẹ́, mà. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn dáadáa."

"Sọ́kẹ́ẹ̀tì mélòó ló wà nínú yàrá yẹn?"

"Ọ̀kan ni, mà."

"Nọ́ọ̀sì ńkọ́? Ṣé ó wà níbẹ̀ nígbà náà?"

"Rárá, mà. Ọ̀gá ti rán wọn níṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá."

Obìnrin náà yí ojú sí ọ̀gá wa, ó kàn ń wò ó. Ọ̀gá ní ooru mú lọ́jọ́ náà. Ó ní àlejò pàtàkì ni wọ́n. Ó ní nǹkan pọ̀ tí olórí ń rò. Alága ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀ kíákíá sí i, ó sì ní kí gbogbo wa máa lọ, wọ́n á fi èsì ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò tí a fi ń dúró de èsì náà. Ó máa ń gbé oúnjẹ mi sórí tábìlì, á fi àwo bò ó, á sì padà sídìí ẹ̀rọ. Mo fọ aṣọ tó mọ́, mo tún àga tò. Tí alùpùpù bá dún níta, mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ ń ṣe mí, n kò sì mọ èwo ni kí n tẹ̀ lé nínú méjèèjì.

Òfin-Sọ-Pé ló gbé ìwé náà wá fúnra rẹ̀. Ó ń sáré bọ̀ lójú títì, ó sì ń pariwo ohun tí òfin sọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo já ìwé náà gbà. Ìgbìmọ̀ ní àwọn fagi lé ìwé tí wọ́n fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, pé kò sí ẹ̀rí pé mo ṣe àìbìkítà, pé kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn mìíràn. Wọn kò sọ ẹni tó yọ wáyà. Wọn kò dárúkọ ọ̀gá rárá. Síbẹ̀ mo fò sókè, mo dì mọ́ ọkùnrin náà, gíláàsì rẹ̀ já bọ́.

Mo sáré wọlé, mo ka ìwé náà fún ẹ̀gbọ́n mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì dìde, ó fà mí mọ́ àyà.

"Ọlọ́run ṣeun! Mo mọ̀ pé wọ́n á dárí jì ẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò dárí jì mí. Wọ́n ní mi ò ṣe é ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó ti tán." Ó ń gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo bá ṣubú. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀. N kò rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì. Mo la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, fáànù, àlejò, kọ́kọ́rọ́, ohun gbogbo. Ó ti fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú mi.

"Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gbé ẹ lọ yìí," ó ní, "jọ̀ọ́, kó o tó máa bọ̀ nílé, máa yẹ wáyà wò."